Ọmọ Tó Sanra Jùlọ ní Àjégúnlẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun gbé ní Àpápá tàbí ní Àjégúnlẹ̀ ní ọdún kejì tí ogun abẹ́lé parí, tó tún wá ní òun kò gbúròó Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé, ẹ má ṣe yá onítọ̀hún ní nǹkan kan, irọ́ ló ń pa. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣe é tí kò ní gbúròó rẹ̀. Fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ń ké láti Wharf Road títí dé Boundary. Agbádá rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó gba ìrànlọ́wọ́ kí wọ́n tó lè kó o wọ inú ọkọ̀ tán. Ohùn rẹ̀ a sì ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ ipò rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, ni Alábòójútó Àgbà fún Ìlera Ìkókó, Ìtọ́jú Ọmọ Ọwọ́ àti Ìdènà Àrùn Ọmọdé ní Àpápá, Àjégúnlẹ̀ àti Agbègbè Wọn Gbogbo. Ẹni tó bá gbàgbé "Gbogbo" ìparí yẹn, inú a bí ọ̀gá, a ní kó tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá dókítà ni. Rárá o. Ṣé nọ́ọ̀sì ni? Ẹ má jẹ́ kó gbọ́. Àpò kòkó ni ọkùnrin yìí ń wọ̀n ní wọ́ọ̀fù kí orí tó gbé e dé ìdí ọmọ ọlọ́mọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ń dúró ti òṣùwọ̀n ńlá inú sítọ̀ọ́. Àpò tó bá pé ìwọ̀n, ó wọlé. Èyí tí kò bá pé, a dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Bí ẹnì kan bá sì rẹ àpò tirẹ̀ sómi kó lè wúwo, imú Adéríbigbé ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nítorí náà, kò sí àpò fífúyẹ́ kan ṣoṣo nínú sítọ̀ọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó sì ń yìn ín. Iṣẹ́ rere ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àna rẹ̀ kan di ẹni ńlá nínú ìjọba, ó ní kí wọ́n wá ipò tó yẹ àgbà fún un, ipò tó sì ṣófo lọ́jọ́ náà ni ti ìlera ọmọdé. Ká ní ipò ti ọkọ̀ ojú irin ló ṣófo ni, àwọn ọmọ Àjégúnlẹ̀ ì bá ti bọ́.

Kíliníìkì tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ wà lẹ́yìn Boundary, ilé onípáànù gbọọrọ kan tí igi dòńgóyárò ṣíji bò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Oghogho, ọmọ Bìní tí wọ́n bí sí Àjégúnlẹ̀. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ìyá ń gbé ọmọ wọn wá, wọn a gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nítorí èéyi, wọn a sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ìdí tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n kò ṣòroó mọ̀. Ọmọ tó bá ń rù, àìsàn ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn, ká tètè mọ̀ ọ́n, ká sì tètè wá nǹkan ṣe sí i. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó rù jù ni Oghogho máa ń tò síwájú.

Lọ́jọ́ tí Adéríbigbé kọ́kọ́ wọlé, àwọn ọmọ wọ̀nyí ló fojú kàn. Ó dúró gbagidi.

"Kí ni àwọn yìí ń wá níbí?"

"Ọ̀gá, àwọn tí ara wọn kò le la kọ́kọ́ ń tọ́jú, sà," ni Oghogho dáhùn.

"Àwọn tí ara wọn kò le? Nínú ilé ìlera?" Ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Benson, ṣé o gbọ́ nǹkan tí mo gbọ́? Ibi tí wọ́n kọ ìlera sí lára ògiri gàdàgbà, àìlera ni wọ́n kó jọ síwájú rẹ̀! Ṣé ilé ìfowópamọ́ máa ń to àwọn òtòṣì sí ẹnu ọ̀nà?"

Benson yìí, akọ̀wé ni wọ́n gbà á sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé kó máa yanu sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó yanu lọ́jọ́ náà, ó yà á dáadáa.

"Láéláé, Bàbá Gbogbo Ìkókó! Ọgbọ́n yín pọ̀ jù, sà. Orí tiẹ̀ ń fọ́ mi bí mo ṣe ń gbọ́ ọ."

"Láti òní lọ," ni Adéríbigbé wí, ó ṣẹ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, "ọmọ tí kò bá pé ìwọ̀n kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yìí. Kí ìyá rẹ̀ gbé e padà, kó lọ bọ́ ọ yó. Bó bá sanra tán, kó wá gba ìtọ́jú. Ìlera fún àwọn onílera!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé yìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú dénúdénú. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe ìlú lóore. Báwo ni sítọ̀ọ́ ṣe ń mọ́ tónítóní bí kò bá ṣe pé wọ́n ń dá èyí tí kò dára padà? Àwọn baba wa ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò bá òyìnbó ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù. Ó ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n sí ẹnu géètì, ó fi Benson tì í. Nígbà tí Oghogho ń bá a sọ pé àwọn tó ń dá padà yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ kíliníìkì fún, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ó ní obìnrin náà kò mọ ètò.

Àrà wá dé. Kí oṣù tó parí, kò sí ọmọ rírù kan ṣoṣo mọ́ ní kíliníìkì Adéríbigbé. Àwọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ roboto nìkan lẹ máa rí níbẹ̀. Ó lọ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá ní Èkó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí àwọn tó rù lọ. Inú Adéríbigbé dùn débi pé ó ya fọ́tò ara rẹ̀ tó ga tó ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n fi kọ́ ògiri níbi tí àwòrán ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú wà tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ a dúró níwájú fọ́tò náà, wọn a pe orúkọ ipò rẹ̀ tán pátá. Bí ọmọ kan bá ń ké nígbà náà, kí ìyá rẹ̀ gbé e jáde ná.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ fọ́tò yìí ni Diepreye dé.

Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ́ ni Diepreye, Àjégúnlẹ̀ ló dàgbà sí. Ọkọ rẹ̀, Friday, wà lára àwọn tó ń ja ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ní wọ́ọ̀fù. Wọ́n ti bí ọmọ kejì, ìyẹn ni wọ́n ṣe gba ọmú lẹ́nu àkọ́bí wọn, Tonye, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ mímu lásán ni Tonye ń mu, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù, apá rẹ̀ di tín-ín-rín. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn Diepreye kò balẹ̀. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé e wá.

Benson gbé Tonye sórí òṣùwọ̀n. Ó mi orí.

"Kò pé. Gbé e padà."

"Brọ̀dá, abeg, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò ó."

"Lọ bọ́ ọ yó kó o tó gbé e wá. Òfin ni."

"Kò jẹun ni mo ṣe gbé e wá! Tó bá jẹ́ pé ó ń jẹun, kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbí?"

Ìbéèrè gidi lèyí, kò sì sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ Benson láti dáhùn. Ó wẹ̀yìn wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wà nínú ilé, ó ń pàṣẹ bí fọ́tò ṣe máa tọ́, ó sì ti ní kí Oghogho di ìdí àga mú fún ẹni tó ń kan ìṣó. Oghogho gbọ́ ohùn obìnrin náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ yẹn, sà." Adéríbigbé ní kó má mi, fọ́tò máa wọ́. Nígbà tí Oghogho yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ìṣó, Diepreye ti rìn lọ, èrò Boundary sì ti gbé e mì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tonye fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ di roboto, irun rẹ̀ pàápàá ń pọ́n. Àwọn aládùúgbò bá Diepreye yọ̀. Chinyere tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn ní, "Ìyá Tonye, ọmọ rẹ ti ń sanra o! Kí lo ń fún un? You no go tell person?" Friday náà dé láti ibi iṣẹ́, ó gbé ọmọ sókè, ó ní ó wúwo, inú rẹ̀ dùn. Kò sí bàbá ní Àjégúnlẹ̀ tí inú rẹ̀ kì í dùn bí ọmọ rẹ̀ bá sanra. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ni wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe rí nínú ilé.

Ṣùgbọ́n Diepreye ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò jẹun síbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá gbé e sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn lọ pọn omi, ibẹ̀ náà ni yóò bá a nígbà tó bá padà, tí yóò máa wo ilẹ̀. Ó sọ fún Friday pé, "Ọmọ mi ò sí nínú ara yẹn." Friday ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àsìkò yìí gan-an ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké káàkiri Àjégúnlẹ̀ pé Bàbá Gbogbo Ìkókó fẹ́ ṣe ìdíje Ọmọ Tó Sanra Jùlọ. Kí ló fà á? Èkó ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe olórí ìlera ọmọdé fún gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n ní Dókítà Fọláyọ̀ ni yóò wá wo kíliníìkì náà, ohun tí ó bá sì sọ ni wọn yóò ṣe. Adéríbigbé ti rí ara rẹ̀ lórí àga náà. Ó ti yan aṣọ fèrèsé ọ́fíìsì tuntun pàápàá. Ó wá rò ó pé kí ni yóò wu dókítà bí kò ṣe pápá tó kún fún ọmọ sísanra? Ó ní kí wọ́n mú ọmọ tó bá pé ìwọ̀n wá. Èyí tí kò bá pé, kó má tilẹ̀ sún mọ́ ọgbà.

Diepreye gbọ́. Ìdíje kọ́ ló wù ú. Ohun tó rò kò ju pé bí òṣùwọ̀n bá gba Tonye wọlé, nọ́ọ̀sì á rí i nígbẹ̀yìn.

Ọjọ́ ìdíje pé. Wọ́n ta àtíbàbà sí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíliníìkì, wọ́n gbé àga ńlá kan sí àárín fún ọ̀gá. Lẹ́yìn ọgbà, àwọn obìnrin kan fara ti wáyà, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Àwọn tí wọ́n ti dá padà ni. Wọ́n ní àwọn á kàn máa wòran.

Nígbà tí ọkọ̀ Èkó dé, Adéríbigbé dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó lọ dì mọ́ ọkùnrin bàǹtàbanta kan tó sọ̀ kalẹ̀. "Dókítà, ẹ káàbọ̀! A ti mọ̀ yín, ìlera yọ lára yín!" Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣé, sà. Èmi ni dírẹ́bà." Dókítà Fọláyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ búláòsì funfun. Adéríbigbé wò ó láti òkè délẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún un ní àga.

Ó wá gba makirofóònù. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní àga kó fìdí mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ! Ẹ̀yin bàbá ọlọ́mọ! Ẹ̀yin ọmọ fúnra yín, tí ẹ jẹ́ ọmọ! Kí n tó dé, kí lẹ jẹ́? Eegun lẹ jẹ́! Ẹ wo ara yín lónìí! Èéyi pàápàá, bó bá gbọ́ orúkọ mi ní Boundary, á yà sí Kirikiri! Ta ló lé rírù kúrò ní Àjégúnlẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Gbogbo Ìkókó!" ni Benson ké.

"Mi ò gbọ́!"

"Ẹ̀yin ni o!" ni àwọn òṣìṣẹ́ ké. Oghogho kò ké.

Báyìí lọ̀rọ̀ ń lọ, oòrùn ń pa àwọn ọmọ, ìyá ń fi ìró ṣíji bò wọ́n, ọ̀gá ṣì ń ka oore tó ṣe. Nígbà tó sú òun náà, ó ní kí wọ́n máa gbé ọmọ gorí òṣùwọ̀n. Wọ́n gbé èyí, wọ́n gbé tọ̀hún. Ó ń mi orí, ó ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìgbà tó ń fọwọ́ kan àpò. Nígbà tó kan Tonye, ọwọ́ òṣùwọ̀n sáré kọjá ti gbogbo wọn. Adéríbigbé fò sókè. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ Diepreye, ó gbé e sókè lójú gbogbo ayé.

"Òun nìyí! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ wo irun rẹ̀, ó ń pọ́n bí ti ọmọ òyìnbó! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú! Ọmọ ẹlòmíì ń ké, òun kò ké. Ó mọ ẹni tó gbé òun!"

Lóòótọ́, Tonye kò ké. Orí rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ sórí èjìká agbádá, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ara rẹ̀ ò yá," ni Diepreye wí. "Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò ó. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Ẹ gbọ́ ìyá rere!" ni Adéríbigbé sọ sínú makirofóònù. "Ayọ̀ ti pa á bí ọtí!"

Oghogho ti dìde. "Ọ̀gá, ọmọ yẹn," ni ó bẹ̀rẹ̀, Adéríbigbé sì ní kó jókòó. Ó fi ọ̀já aláwọ̀ ewé kọ́ Tonye lọ́rùn, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan lé e lọ́wọ́, agolo náà sì jábọ́, nítorí ọwọ́ ọmọ náà kò mú nǹkan. Àwọn ènìyàn rò pé wọ́n ń ṣeré. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Dókítà Fọláyọ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó ní, "Ẹ gbé e fún mi." Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, ṣùgbọ́n Adéríbigbé gbé e fún un. Dókítà jókòó sí ilẹ̀ pápá, ó gbé Tonye lé itan, ó fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó sì mú ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ jin kòtò. Kòtò náà kò dí. Ó tẹ èkejì, bákan náà. Àwọn tó wà nítòsí na ọrùn, wọ́n rí i, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti àga dé àga títí tó fi kan wáyà ọgbà.

"Ọmọ yìí kò sanra," ni dókítà wí. "Ó wú ni. Omi ló kún ara rẹ̀. Kò rí oúnjẹ tó yẹ jẹ, kuwaṣíókọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí a bá fi sílẹ̀ báyìí, kò ní pẹ́ kú."

Diepreye figbe ta. Láti inú èrò ni ohùn kan ti dún, ohùn ọkùnrin kan tó ń bá Friday ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù.

"Ọ̀gá Adéríbigbé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi imú mọ àpò tí wọ́n rẹ sómi! Ti ọmọ ènìyàn wá ṣe jẹ́, sà?"

Ẹ̀rín bú. Ẹ̀rín burúkú ni, èyí tó ní ẹkún nínú. Adéríbigbé gbé makirofóònù sẹ́nu, ó tún gbé e kúrò. Ó ń wò ó bóyá dókítà ṣì ń ronú nípa ipò náà.

Dókítà kò wo apá ibẹ̀. Ó ti gbójú sókè, ó rí àwọn obìnrin tó fara ti wáyà. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́?" Oghogho ló dá a lóhùn. Ó ní, "Àwọn tí ìwọ̀n ọmọ wọn kò pé ni, mà. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé." Obìnrin kan sọ ọmọ tirẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e sókè lórí wáyà kí dókítà lè rí i. Òmíràn gbé tirẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo orí wáyà kún fún ọmọ tín-ín-tín-ín. Èmi tí mò ń rojọ́ yìí, mo mọ bí mo ṣe ń fi ọ̀gá yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ibí yìí dùn mí. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Dókítà ní kí wọ́n ṣí géètì. Benson ló sáré ṣí i.

Wọ́n gbé Tonye àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ Èkó. Wọ́n ní kí Adéríbigbé lọ sinmi nílé ná títí wọn yóò fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ì bá sinmi. Ì bá wọ bùbá lásán, kó máa fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, kó jẹ́ kí ẹnu ayé rọlẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ní ìjọba, bí ènìyàn bá dákẹ́ dáadáa, wọ́n lè gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tún gbé e ga. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Benson ló gbé ìròyìn wá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé" lásán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò pátápátá, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí nǹkan máa yọrí sí. Ó ní òun kọjá ní ilé ìwòsàn, òun rí Tonye. Ó ní ọmọ náà ti fọn.

"Ó ti fọn kẹ̀?"

"Ó ti fọn, sà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ti lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di igi."

Adéríbigbé dìde lórí àga. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìdíje. Ṣé ẹ rí i! Òun gbé ọmọ sísanra lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán! Dókítà pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́, ẹ wo ohun tó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe! Ó rán àwọn ènìyàn káàkiri pé ìpàdé gbogbo ìlú wà ní gbọ̀ngàn ọjà lọ́sàn-án Sátidé, kí àwọn oníròyìn wá, kí Èkó rán ẹni tó gbọ́n wá. Ó ránṣẹ́ sí Friday pé òun fẹ́ jà fún ọmọ rẹ̀. Friday ní àwọn ń bọ̀.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà títí dé ojú títì. Ẹ má tan ara yín, eré ni wọ́n wá wò. Iléeṣẹ́ ìlera rán ọkùnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Sànúsí wá, ó jókòó síwájú. Adéríbigbé ti wọ agbádá tó tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ti ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n láti kíliníìkì wá sórí pèpéle.

"Ẹ̀yin ará Àjégúnlẹ̀, wọ́n ní mo burú! Wọ́n ní mi ò mọ ọmọ! Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lónìí. Òṣùwọ̀n ló máa sọ̀rọ̀. Òṣùwọ̀n kì í ṣe ojúsàájú, òṣùwọ̀n kì í gba ẹ̀bùn. Ẹ gbé ọmọ náà wá!"

Diepreye gbé Tonye gòkè. Lóòótọ́, ó ti rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ roboto ti lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín lábẹ́ ṣòkòtò penpe. Àwọn ènìyàn kùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e gorí òṣùwọ̀n, àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, Adéríbigbé sì ní kí wọ́n gbà á kúrò, kó má ba ìwọ̀n jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Tonye fi igbe bọnu. Ó ké, ó ta ẹsẹ̀, ó fa agbádá ọ̀gá, ó fi ọwọ́ olóróró gbá a lẹ́nu. Wọ́n wá rọra gbé e sórí òṣùwọ̀n, Adéríbigbé sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọwọ́ òṣùwọ̀n.

"Ó ti fúyẹ́!" ni ó pariwo. "Ẹ wá wò ó! Ó fúyẹ́ ju ti ọjọ́ ìdíje lọ! Ǹjẹ́ mo purọ́?"

Kò purọ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́.

Diepreye gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dá àkàrà rẹ̀ padà fún un. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o," ni ó wí. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e sókè yẹn, ọmọ mi ń kú lọ lọ́wọ́ yín. Kì í ké. Kì í bèèrè nǹkan kan. Wọ́n fún un ní mílíìkì àti ẹyin àti ẹ̀wà ní ọsibítù, omi yẹn ń gbẹ, ó sì ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó jí oúnjẹ àbúrò rẹ̀ jẹ. Mo na ọwọ́ sí i, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Sà, ìwọ̀n wo ni mo tún ń wá?"

"Madam, obìnrin yìí, ìwọ kò lóye," ni Adéríbigbé wí. "Ṣé o rí ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sí lẹ́ẹ̀kan?"

Tonye ti jẹ àkàrà tán. Ó rí adìyẹ kan lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ta gọ̀gọ̀gọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó ṣubú, ó dìde, ó gbá tẹ̀lé adìyẹ. Friday pariwo orúkọ rẹ̀, ó sáré tẹ̀lé e, ẹ̀rín ń pa á, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún ọmọ náà, wọ́n ń sọ fún un pé kó mú un, kó mú un. Ẹni tó bá fẹ́ ríran dáadáa jáde síta, èyí tó wà lẹ́yìn tẹ̀lé e. Sànúsí àgbà dìde, ó sún mọ́ Adéríbigbé, ó sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́ pé kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ìjọba fún òun, àti pé kó má wá sí ọ́fíìsì mọ́. Ó ní Nọ́ọ̀sì Oghogho ti ṣí kíliníìkì láàárọ̀, àwọn tó rù jù ló sì wà níwájú. Lẹ́yìn náà, òun náà jáde lọ wo adìyẹ.

"Ẹ padà wá!" ni Adéríbigbé ń ké. "Mi ò tíì parí! Ẹ wá wo òṣùwọ̀n!"

Gbọ̀ngàn ti ṣófo. Benson nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́bàá ilẹ̀kùn, òun náà ń na ọrùn síta. Adéríbigbé bẹ̀rẹ̀ lórí pèpéle, agbádá rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ yí i ká, ó ń nàka sí ọwọ́ òṣùwọ̀n, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kà á fúnra wọn. Kò sí ọmọ kankan lórí òṣùwọ̀n náà mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti padà sí òdo.